Ọmú ò gbẹ o: àṣìṣe tá à ń ṣe pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ tó ti rù jù

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ fún wa ní wọ́ọ̀dù ni "nọ́ọ̀sì, ọmú mi ti gbẹ", ọmọ oṣù méjì wà lẹ́sẹ̀ wọn, awọ itan ẹ̀ ti hunjọ bíi ti arúgbó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ọmú ò gbẹ, ọmọ ni ò lágbára láti fà á mọ́, ọmú tí wọn ò bá sì fà kì í sun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sáré ra fíídìn bọ́tù. Bọ́tù ń ṣàn fúnra ẹ̀, ọmọ ò ní ṣe wàhálà, tẹ́ ẹ bá wá gbé ọmú sí i lẹ́nu á yíjú.

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gba imú fún èèyàn lóúnjẹ là ń lò dípò bọ́tù, nọ́ńbà 8, a ó fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmú kẹ́nu ẹ̀ bá orí ọmú dọ́gba, ìdí ẹ̀ á wà nínú kọ́ọ̀pù mílíìkì, ọmọ á wá gba ọmú àti rọ́bà sẹ́nu pọ̀. Bó ṣe ń fa ti kọ́ọ̀pù, ọmú ìyá náà ń gbọ́ pé wọ́n ń pe òun.

Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ ni kọ́ọ̀pù yẹn. Ìyá àgbà kan, àánú ọmọ ń ṣe wọ́n, wọ́n gbé kọ́ọ̀pù sókè dé èjìká ọmọ wọn, mílíìkì ń dà wọlé, ọmọ wúkọ́, ó gba imú ẹ̀ jáde, mo ní màmá ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Ìsàlẹ̀ orí ọmú ló ń wà, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, tó bá ti ń lágbára ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí dé 30. Ó lè gbà tó ọjọ́ méjì kọ́mọ tó mọ̀ ọ́n fà.

Ọmú nìkan ló sì máa ń ṣáájú, ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn bí ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan ni ti rọ́bà. Mílíìkì yẹn, wọ́ọ̀dù ló ń wọ̀n ọ́n o. F-100, ìyẹn mílíìkì ìtọ́jú àwọn ọmọ tó ti rù jù, tí wọn ò bá bomi là á, kì í ṣe ti ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, kídìnrín ẹ̀ ò lè gbé e.

Èyí tó ń bí mi nínú jù, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ẹbí á ní ká fi kún mílíìkì. Rárá! A kì í fi kún un, torí ìwúwo yẹn ló ń fi hàn pé omi ọmú ti ń dé. Tó bá ti ń fi gíráàmù 20 kún ara lójúmọ́, ṣe la máa dín mílíìkì kù sí ìdajì, tó bá ṣì ń fi bíi 10 kún un lẹ́yìn ìyẹn, a ó yọ rọ́bà.

Àgbo inú ike tẹ́ ẹ ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, à ń rí i. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ̀kọ gbígbóná tẹ́ ẹ gbé wá, ìyá ọmọ ni kẹ́ ẹ fún.