Bí Ará Ìlú Ṣe Lè Yẹ Ìwé Àdéhùn Ẹ̀rọ Agbowó Ìgbọ́kọ̀sí Wò

Bí ìjọba ìlú yín bá fẹ́ gbé àwọn ẹ̀rọ agbowó ìgbọ́kọ̀sí tó wà lẹ́bàá títì fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wo owó tí wọn yóò kà lé tábìlì. Iye ọdún ni kí ẹ wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ bí 36,000 fún ilé-iṣẹ́ tí Morgan Stanley, báńkì ìdókòwò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ṣagbátẹrù rẹ̀, fún ọdún 75 gbáko, wọ́n sì gba bílíọ̀nù dọ́là kan ó lé díẹ̀. Ìkókó ìgbà náà yóò ti di arúgbó kí àdéhùn náà tó parí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ẹni tó díye lé e. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn aṣòfin Chicago fi rí ìwé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìbò 40 sí 5; nígbà tó di ọdún 2009, ọ̀gá àyẹ̀wò ìlú náà fúnra rẹ̀ kéde pé owó tí wọ́n gbà fi nǹkan bí mílíọ̀nù 974 dọ́là dín sí ohun tó yẹ.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù ni abala owó gbà-máà-bínú. Ní Chicago, bí ìjọba bá ti títì pa tàbí tí ó mú àyè ìgbọ́kọ̀sí kúrò kọjá ìwọ̀n tí àdéhùn gbà, ó di dandan kí ó san owó fún ilé-iṣẹ́ náà, tàbí kí ó wá àyè mìíràn tó ń pa iye kan náà wọlé. Ẹ fi títì kan ládùúgbò yín ṣe ìṣirò: bí àyè 15 bá wà níbẹ̀, tí wákàtí kan jẹ́ dọ́là 2, tí wọ́n sì ń gbowó fún wákàtí 10, 300 dọ́là ni ojúmọ́ kan bí gbogbo àyè bá kún. Ẹni tó bá fẹ́ ya ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì tàbí ti kẹ̀kẹ́ sórí títì yẹn gbọ́dọ̀ ro owó yìí mọ́ ọn lójoojúmọ́.

Èmi kò lòdì sí kí owó ìgbọ́kọ̀sí ga. Ó ń jẹ́ kí àyè tètè ṣófo. Àmọ́ ẹ rí i dájú pé ọwọ́ ìlú ni àṣẹ àtiyí owó àti wákàtí padà wà. Nígbà tí Rahm Emanuel, olórí ìlú náà, tún àdéhùn sọ ní ọdún 2013, ọjọ́ Àìkú di ọ̀fẹ́ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ṣùgbọ́n wọ́n fi wákàtí kún ti alẹ́.