Bí mo ṣe fi sẹ́ńsọ̀ wọn àyè lára ẹ̀rọ CNC wa

Ẹ̀rọ CNC, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí a fi ń gbẹ́ ọnà sára ilẹ̀kùn ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Agric, Ìkòròdú, kì í mọ ilé rẹ̀ mọ́, ìyẹn ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n. Bí iná bá lọ tó sì dé, orí rẹ̀ á ti yẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà kan. Eruku pákó ti dí ẹnu súwíìṣì tó máa ń tẹ̀ láti mọ ilé náà. Mo wá ra sẹ́ńsọ̀ inductive, irú èyí tó ń fi òòfà mọ̀ bí irin bá sún mọ́ ọn, LJ12A3-4-Z/BX. Kì í fara kan nǹkan, kò sì rí eruku pákó rárá.

Wáyà mẹ́ta ló ní: búráùn ni pọ́sítíìfù, búlúù ni nẹ́gátíìfù, dúdú ló ń jíṣẹ́. Fóòtì 12 ni mo fún un. Bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ wa kò gbà ju fóòtì 5 lọ, nítorí náà mo fi optocoupler sáàárín wọn, ẹ̀yà kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ jíṣẹ́ kí iná méjèèjì má bàa pàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí.

Mìlímítà 4 ni wọ́n ní ó ti ń rí nǹkan. Mo gbé e sí mìlímítà 3, kó máa wo bráàkẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù tó wà lára ẹ̀rọ. Kò tàn. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ayédèrú ni wọ́n tà fún yín." Mo ń yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àfi ìgbà tó ku mìlímítà kan àbọ̀ kí iná pupa ìdí rẹ̀ tó tàn. Alumíníọ̀mù ló fà á. Kọ́ìlì inú sẹ́ńsọ̀ ń tu agbára òòfà síta. Bí irin tàbí alumíníọ̀mù bá sún mọ́ ọn, iná mànàmáná tíntìntín á máa pòyì lára rẹ̀, á sì máa fa agbára kọ́ìlì gbẹ. Irin lásán ni wọ́n fi wọn mìlímítà 4 yẹn. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù tàbí bàbà, ó lè má tó ìdajì.

Wẹ́dà iwájú wa gé irin pẹlẹbẹ kan fún mi, ó fẹ̀ ju ojú sẹ́ńsọ̀ lọ. Mo fi bóòtì méjì dè é mọ́ bráàkẹ́ẹ̀tì. Ní mìlímítà 3, iná tàn wàì.

Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ yìí kò lè sọ iye àyè tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló mọ̀. Àwọn kan wà tí fóòtì wọn ń yí láti 0 sí 10 bí irin ṣe ń jìnnà, owó wọn ló ga. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n: ó ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́, bí iná bá ti tàn, kọ̀ǹpútà á ka ibi tó dé. Mo gbé dáyà géèjì, ohun èlò olójú aago tó ń wọn ìyàtọ̀ kékeré, tì í, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ kò ju mìlímítà 0.02 lọ. Àmọ́ nígbà tó ń padà sẹ́yìn, ó fi nǹkan bíi mìlímítà 0.3 kọjá ibi tó ti tàn kí iná tó kú. Láti ìgbà náà, apá kan ṣoṣo ni mo ń gbà wọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, iná lọ nígbà tí ilẹ̀kùn kan dé ìdajì. Nígbà tó dé, mo ní kó wálé. Ọbẹ rẹ̀ bọ́ sínú ipa tó ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀.