Bí Mo Ṣe Kọ Prógíráàmù Tuntun fún Máṣìnnì Oúnjẹ Adìyẹ Wa

Owó ló lé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń po oúnjẹ adìyẹ ní Olúyọ̀lé, bí àgbàdo bá ti gbówó lórí ní Bódìjà, Alhaji á ní ká dín in kù, ká fi èèpo àlìkámà dípò. Nọ́ńbà méjì péré la fẹ́ yí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta máṣìnnì fún wa ti fi páswọ́ọ̀dù ti PLC rẹ̀ pa (PLC ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí máṣìnnì), àfi kó ti Èkó wá ká tó lè fọwọ́ kan ohunkóhun. Owó ọkọ̀ rẹ̀, owó hòtẹ́ẹ̀lì, owó iṣẹ́. Ọjọ́ tó gba 180,000 náírà lọ́wọ́ wa nítorí àgbàdo tí a dín kù, oúnjẹ ò wọ̀ mí lọ́fun. Mo sọ fún Alhaji pé kí wọ́n jẹ́ ká yọ PLC náà dànù, n ó kọ tiwa.

A ra òmíràn, a so wáyà rẹ̀, mo kọ́ sọ́fítíwíà rẹ̀. Ìyẹn ò le. Ohun tó le ni pé àwọn tó máa lò ó, ìmọ̀ wọn ò dọ́gba rárá: àwọn ọmọ tó ń da àgbàdo, Bàbá rewaya wa tí wọ́n ti ń so kọntákítọ̀ kí wọ́n tó bí mi, àti ẹnjiníà kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Poli dé.

Ẹnjiníà ní ká fi Structured Text, èdè PLC tí a ń kọ bí ọ̀rọ̀ inú ìwé, kọ gbogbo rẹ̀, nítorí ìṣirò kílò rọrùn nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Bàbá ní, "Bí iná bá lọ lóru, tó dé, tí máṣìnnì ò dìde, ṣé ìwé ni n ó jókòó máa kà?" Òótọ́ nìyẹn náà. Tìtorí àwọn rewaya ni wọ́n ṣe ṣe ládà, èdè PLC mìíràn, nígbà tí PLC kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1969: wọ́n yà á bí àwòrán rílè (súìṣì tí iná ń tàn tó sì ń pa) tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kà tẹ́lẹ̀. IEC 61131-3, ìlànà àgbáyé fún èdè PLC tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1993, sì gbà kí èdè méjèèjì wà nínú prógíráàmù kan. Mo bá fi Structured Text ṣe ìṣirò, mo dì í sínú búlọ́ọ̀kù kan. Gbogbo ohun tó ń tan mọ́tò tàbí tó ń pa á, ládà ni. Nígbà tí Bàbá rí i lórí láptọ́ọ̀pù tí ìlà ń di àwọ̀ ewé níbi tí iná dé, tó wá dúró gbọn-in níbi súìṣì ìdérí míksà, wọ́n kàn lọ dé ìdérí náà dáadáa. Tésítà ò kúrò lápò wọn. Mo yangàn díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n ò purọ́.

Níbi skíríìnì ara máṣìnnì, tó máa ń sọ ìṣòro rẹ̀, ni ojú mi ti rí màbo. Ti àtijọ́ a máa kọ "MIXER MTR OL TRIP". Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò mọ ohun tó ń sọ, RESET ni wọ́n máa ń tẹ̀ títí mọ́tò á fi máa rùn. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ka Yorùbá geere. Mo kọ ọ́ pé: "Mọ́tò míksà gbóná jù. Ẹ má tẹ RESET. Ẹ pe Bàbá." Ohun tó jáde nìyí: "M□□tò míksà gbóná jù. □ má t□ RESET. □ pe Bàbá." Skíríìnì tó ní lẹ́tà Ṣáínà ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú, kò ní ẹ!

Mo fi fọ́ǹtì mìíràn sínú rẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ yọjú, nítorí Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún wọn ní nọ́ńbà tiwọn. Ọ́ ò ní nọ́ńbà tó dá ní. Ọ á ṣáájú, àmì ohùn á tẹ̀ lé e, skíríìnì ló yẹ kó gbé àmì gun orí lẹ́tà. Èyí tí a rà ò mọ̀ ọ́n gbé. Ó ń ju àmì kan síhìn-ín, kan sọ́hùn-ún. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á, wọ́n ní ká lo òyìnbó. Mo tún kọ̀wé, wọ́n fi àwòrán skíríìnì mìíràn tó wọ́n jù ú lọ ránṣẹ́. Ẹnjiníà ní kí n yọ àmì kúrò, kò sẹ́ni tó máa bínú. Èmi máa bínú. Nílé, ìyàwó mi ti ń pè mí ní ọkọ skíríìnì.

Àwòrán ló yọ mí. Mo tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà, mo sọ ọ́ di àwòrán, mo kó wọn sínú skíríìnì. PLC á fi nọ́ńbà ìṣòro ránṣẹ́, skíríìnì á gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Mẹ́mórì kún, mo sọ àwòrán di dúdú àti funfun, ó gbà. Gbogbo àmì pé. Ṣùgbọ́n bí Alhaji bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà, àfi kí n tún àwòrán ṣe, ó sì ń bí mi nínú títí di òní.

Bí ẹ bá fẹ́ ra skíríìnì, ẹ tẹ "ẹ́ ọ̀ ṣ" sí i ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Ẹ má fún gbogbo èèyàn ní páswọ́ọ̀dù kan náà, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Tiwa, ọmọ tó ń da àgbàdo lè tan máṣìnnì, ó lè pa á, ó lè wo kílò, kò lè yí i. Súpáfáísọ̀ lè yí i, àmọ́ bí àpapọ̀ bá ju ohun tí míksà gbà lọ, bọ́tìnnì ò ní dáhùn. Bàbá lè wo ládà, wọn ò lè tún un kọ. Ìyẹn bí wọn nínú, mo sì jẹ́ kí wọ́n bínú. Wọ́n ti ń bèèrè báyìí bóyá àwọn lè máa wò ó lórí fóònù láti ilé wọn ní Bẹẹrẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n sinmi ná.