Bí mo ṣe ra ẹ̀bùn fún Dádì tó ń gbá gọ́ọ̀fù, tí kò sì di ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹni tí bàbá ẹ̀ bá ń gbá gọ́ọ̀fù á mọ ohun tí mò ń sọ. Gbàrà tí aráyé bá ti gbọ́ pé Bàbá ń gbá gọ́ọ̀fù, ó parí nìyẹn, gbogbo ẹ̀bùn tó bá ti ń wọlé, gọ́ọ̀fù ni wọ́n á yà sí i lára. Kọ́ọ̀bù tíì tí wọ́n ya gọ́ọ̀fù sí, táì tí wọ́n ya gọ́ọ̀fù sí, aago orí tábìlì tó ní bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lórí, ère ọkùnrin kékeré kan tó na igi sókè tí ò tíì gbá nǹkan kan látọjọ́ tó ti délé. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ ilé wa ní Ìbàdàn, Mọ́mì ló ń bá wọn nu eruku. Kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tó dé pápá rí.

Nígbà tí Dádì fẹ́ pé 70, àwa ọmọ dá owó jọ, wọ́n wá ní èmi ni kí n wá ohun tá a máa rà torí pé èmi ni mo wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ èmi ò gbá gọ́ọ̀fù rí láyé mi, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ ò ju pé tó bá ti di Sátidé, ẹ má wá Dádì wá sílé.

Bọ̀dá mi tó wà ní Houston ti sọ tiẹ̀ lórí WhatsApp kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ó ní ká ra driver tuntun, igi gígùn tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, èyí tó ń dán gbinrin tí wọ́n ń polówó ẹ̀. Mo ní Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ béèrè ná. Mo lọ bá ọ̀gá kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní gọ́ọ̀fù, ó ní ẹ má ra igi fún Bàbá láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn dúró níbẹ̀ tí wọ́n gbá a wò. Ó ní ọ̀pá igi yẹn, èyí tó le wà, èyí tó rọ̀ wà, ẹni 70 ọdún kì í yí ìbàdí bí ọmọ 30, tẹ́ ẹ bá lọ ra èyí tó le fún un, bọ́ọ̀lù ò ní gbéra dáadáa, ẹ ti fowó ra ìbànújẹ́ nìyẹn. Ká tiẹ̀ wá ní ó bá a mu, igi 14 péré lòfin gbà kéèyàn kó sínú báàgì, ti Dádì sì ti pé 14. Tọ́kàn bá wọlé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde, tí wọ́n bá sì gbàgbé tí wọ́n gbé 15 lọ sídìíje, wọ́n á fi ìgbá méjì kún iye tí wọ́n gbá lórí ihò kọ̀ọ̀kan tó bá ti ṣẹlẹ̀, ìyà ni o, torí iye tó kéré ló dáa nínú gọ́ọ̀fù, kò ní ju mẹ́rin lọ ṣá ní gbogbo ẹ̀. Mo gbé àlàyé yìí padà sórí WhatsApp. Bọ̀dá dákẹ́ lọ gbáà.

Ẹni tó mọ báàgì Dádì ju Dádì lọ ni kádì wọn, ẹni tó ń bá wọn gbé e. Ààfáà ni gbogbo wa ń pè é, ó ti ń gbé báàgì yẹn kiri pápá gọ́ọ̀fù Onírèké ní Ìbàdàn látìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ. Mo pè é, lẹ́yìn tá a kíra tán mo ní, “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa ń tán lọ́wọ́ Dádì?”

Kò tiẹ̀ ronú. “Bọ́ọ̀lù ni, Àǹtí. Bàbá ń da bọ́ọ̀lù sígbó bí ẹni ń da àgbàdo fádìyẹ. Àmọ́ ẹ má sọ pé èmi ni mo wí o.”

Ìbéèrè yẹn gan-an ló là mí lójú. Tẹ́ ẹ bá bi àgbàlagbà pé kí lẹ fẹ́ ká rà fún yín, ọ̀nà méjì ló ń gbà lọ: ó lè ní “ẹ má ṣèyọnu, àdúrà yín ti tó,” tàbí kó dárúkọ ohun tó máa gba ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tán, kò lè parọ́.

Lọ́jọ́ kan tí Dádì lọ ìpàdé mọ̀lẹ́bí, Ààfáà wá sílé, a ṣí báàgì náà wò nínú búùtù mọ́tò. Háà! Ìbọ̀wọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tó ti gbẹ kankan, iyọ̀ òógùn ti hu funfun sí wọn lára, ọ̀kan ti já níbi àtàǹpàkò. Aṣọ tí wọ́n fi ń nu igi, ẹ̀já ìró Mọ́mì ni, mo dá àǹkárá yẹn mọ̀ dáadáa, ti ìgbéyàwó àbúrò mi ni. Tee, igi tín-ín-rín tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé kí wọ́n tó gbá a, èyí tó ti ṣẹ́ sí méjì ló kún àpò kan. Bọ́ọ̀lù wá jẹ́ oríṣiríṣi, òmíràn ní orúkọ báńkì lára, òmíràn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọn tí ọmọ àdúgbò ṣà nínú igbó tí wọ́n tún tà padà fún wọn nìyẹn. Ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín jù ni àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí Dádì kó bọ́ọ̀lù Titleist Pro V1 mẹ́ta pa mọ́ sí. Ààfáà ní èyí kì í jáde àfi lọ́jọ́ ìdíje, tí wọ́n bá sì ti dé ihò tí omi wà níwájú ẹ̀, Bàbá á rọra dá a padà sápò, wọ́n á mú èyí tó ti gbó, wọ́n á fi gbá ihò yẹn kọjá. Láàárín ihò kan sí òmíràn, òfin gbà á o, kì í ṣe màgòmágó.

Lójú èmi, gbogbo bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ló jọra, gbogbo ẹ̀ funfun, gbogbo ẹ̀ jìnkòtò wẹ́wẹ́ lára, òfin sì ti dá ìwọ̀n wọn lé: kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, ìbú ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín sí mílímítà 42.67. Èèpo ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Èyí tówó ẹ̀ ò pọ̀, èèpo ẹ̀ le, ó ń lọ jìnnà, ó sì ń pẹ́ kó tó bó, àmọ́ tó bá balẹ̀ lórí green, ibi koríko kúkurú tí ihò wà, ó lè máa yí lọ títí táá fi jáde lódì kejì. Pro V1 tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2000, urethane, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe èèpo tiẹ̀, ó rọ̀ díẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá lè mú un balẹ̀ kó dúró. Ní Amẹ́ríkà, dọ́sìnnì kan lé ní 50 dọ́là, a ò tíì wá sọ iye tí wọ́n ń tà á ńbí. Dádì lówó ẹ̀ o, kò kàn lè fọwọ́ ara ẹ̀ ra nǹkan olówó iyebíye tó máa wọ inú omi lójú òun báyìí. Lójú tèmi, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló yẹ kọ́mọ rà.

Mo gbéṣẹ́ lé Bọ̀dá Houston lọ́wọ́: dọ́sìnnì mẹ́rin, kí wọ́n sì bá wa tẹ AJANI sí gbogbo ẹ̀ lára, torí oríkì Dádì nìyẹn. Kì í ṣe ṣekárími nìkan o. Òfin gọ́ọ̀fù gba àwọn tó ń gbá a níyànjú pé kí wọ́n sàmì sí bọ́ọ̀lù wọn, torí èèyàn méjì lè mú irú bọ́ọ̀lù kan náà, tó ní nọ́ńbà kan náà, tẹ́ ẹ bá sì lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹlòmíì nínú ìdíje, wọ́n á fi ìgbá méjì kún tiyín, ìyà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí kó tètè ṣe é, torí títẹ orúkọ ń gba àkókò. Ti ẹni tó máa gbé e wálé ò le rárá, dọ́sìnnì kan ò ju bíi gíráàmù 550 lọ, ẹni tó ń bọ̀ wálé ò ráhùn.

Ìbọ̀wọ́ ló kàn. Ẹ gbọ́ o: ìbọ̀wọ́ gọ́ọ̀fù, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà á, ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, ọwọ́ òsì ló ń wọ̀ ọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá ra ti ọwọ́ ọ̀tún fún un, ẹ ti ra á fún alọ́wọ́-òsì nìyẹn. Ẹ tún wo sáìsì dáadáa, èyí tí wọ́n kọ cadet sí, ti ẹni tí ìka ẹ̀ kúrú tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fẹ̀ ni, Dádì wa sì wà nínú wọn, Ààfáà ló fi àmì inú èyí tó gbó hàn mí. Awọ tó rọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn, cabretta, awọ àgùntàn onírun ni, ṣùgbọ́n òógùn Ìbàdàn ń ba awọ yẹn jẹ́ kíákíá. Nítorí náà mo ra mẹ́fà kí wọ́n lè máa fi ọ̀kan sá kí wọ́n máa wọ òmíràn, mo wá fi ìbọ̀wọ́ òjò kan kún un, èyí tí kì í yọ̀ tó bá tutù.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rò pé ó dáa jù nínú gbogbo ẹ̀, kò ṣeé dì nínú páálí. Ibi tí wọ́n ti ń di igi mú, rọ́bà yẹn, ti Dádì ti ń dán, ojú àtàǹpàkò ti wọnú ẹ̀. Tí rọ́bà bá ti ń yọ̀, èèyàn á máa fún un mọ́ra jù, ọrùn ọwọ́ á sì máa ro ó. Ààfáà kó igi 13 lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n bó ti àtijọ́ kúrò, wọ́n lẹ téèpù tuntun, wọ́n wọ rọ́bà tuntun sí i, irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an, sáìsì kan náà. Putter, igi tí wọ́n fi ń rọra gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò, la ò fọwọ́ kàn. Ààfáà ní tá a bá dán an wò, òun ò sí níbẹ̀ o.

Àbúrò mi tó wà ní Manchester ló ń fa rangefinder, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí àsíá ṣe jìnnà tó. Nǹkan gidi ni, látọdún 2019 ni òfin ti gbà á àfi tí àwọn tó ni ìdíje bá ní àwọn ò fẹ́, kìkì pé èyí tó ń ka gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ pa apá yẹn. Ẹni tó ń dá fa báàgì ẹ̀ kiri ní ìlú òyìnbó, lórí pápá tí kò mọ̀, ó máa gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n Dádì, pápá kan náà nígbà gbogbo, Ààfáà á kàn wò ó lókèèrè, á ní “Yáàdì 150, Bàbá, ẹ mú igi nọ́ńbà 7.” Ta ló fẹ́ wá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀? A ò rà á.

Bàtà àti aṣọ, mi ò dá sí i, àgbàlagbà ní láti wọ bàtà wò kó tó rà á. Agbòjò ńlá la rà dípò, 68 inches, onípele méjì tí atẹ́gùn máa ń gba àárín ẹ̀ kọjá kó má bàa yí padà, torí òun ni kádì fi ń bo Bàbá lóòrùn àti lójò. Tí Ṣàngó bá ti ń kù ṣá, kí gbogbo wọn sá wọlé, agbòjò ò ràn án. Mo fi táwẹ́lì méjì tó ní ìkọ́ kún un kí ìró Mọ́mì lè sinmi.

Tee ló kẹ́yìn, owó kékeré ni, igi lásán, àwọn gígùn àtàwọn kúkurú. Mo wá kọ ọ́ sínú káàdì pé adúláwọ̀ kan, dókítà eyín ní Boston, George Grant, ló gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ (patent) fún tee onígi ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1899, pé yanrìn tútù ni ọ̀pọ̀ ṣì ń mọ jọ fi gbé bọ́ọ̀lù sókè nígbà yẹn. Dádì ka káàdì yẹn sókè lójú gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbàgbé àmàlà.

Ààfáà náà gba tiẹ̀: rénkóòtù, bàtà òjò, àti àpòòwé. Ẹ má ra nǹkan fún ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù kẹ́ ẹ fo kádì ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn, àwọn ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù nínú igbó ò tà AJANI fún ẹlòmíì mọ́, ọ̀dọ̀ Ààfáà ni wọ́n ń gbé e lọ tààrà, wọ́n sì ti fowó lé e díẹ̀. Bọ́ọ̀lù ṣì ku dọ́sìnnì kan àbọ̀. Ìbọ̀wọ́ ló ti fẹ́ tán, ìyẹn la máa rà ní Kérésì.