Bí mo ṣe mú bẹ́ǹṣì tó ń mì dúró

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo kan bẹ́ǹṣì fún ìyá mi ní Mọ́kọ́lá ló ti ń mì. Pákó arère ni, ọjà pákó Bódìjà ni mo ti rà á. Mo rò pé ìṣó ló kéré, mo bá tún kan òmíràn mọ́ ọn, pákó là. Arère rọ̀, kì í di ìṣó mú dáadáa.

Ìgbà tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo rí ọ̀ràn náà. Pákó ṣì tutù nígbà tí mo kàn án. Bó ṣe gbẹ, ó súnkì, àyè sì ṣí níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ìjókòó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹsẹ̀ méjèèjì àti ìjókòó ṣe bí onígun mẹ́rin, onígun mẹ́rin lásán sì máa ń wọ́. Onígun mẹ́ta kì í wọ́.

Mo fi okùn wọn àárín ẹsẹ̀ méjèèjì láti igun dé igun, lọ́nà méjì tó dábùú ara wọn: ìwọ̀n kan fi íǹṣì 1 gùn ju èkejì. Mo tì í títí wọ́n fi dọ́gba, mo gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú rẹ̀ láti òkè ẹsẹ̀ kan dé ìsàlẹ̀ èkejì, kó lè di onígun mẹ́ta. Mo kọ́kọ́ lu ihò, kó má baà là mọ́, mo fi gọ́ọ̀mù pákó sí i, mo wá yí ìṣó oníyíyí wọlé.

Lánàá, ènìyàn mẹ́ta jókòó lé e. Kò mì rárá.