Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀hún: bí a ṣe ń ṣètò ọkọ̀ ojú omi àti mọ́tò fún abúlé etíkun tó jìnnà

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé irú ètò yìí wá síwájú mi ni pé: níbo ni ọkọ̀ ojú omi yẹn á máa sùn? Ọ̀pọ̀ ló ń dáhùn pé èbúté ńlá ni, níbi tí epo àti mẹkáníìkì wà. Ó rọ ilé iṣẹ́ lọ́rùn, àmọ́ ó ba ọjọ́ jẹ́ mọ́ àwọn ará erékùṣù lọ́wọ́. Láàárọ̀, ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lọ sọ́hùn-ún, àwọn tó ń lọ sí ọsibítù tàbí ilé ìwé á sì máa retí rẹ̀ létí omi. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, oòrùn ti mú, ọkọ̀ ìkẹyìn ò sì ní pẹ́ gbéra. Tó bá jẹ́ ọ̀hún ló sùn, òun náà ni yóò kó wọn jáde láàárọ̀, tí yóò sì kó wọn wálé nírọ̀lẹ́. Bí aboyún bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóru, ọkọ̀ àti atukọ̀ wà nítòsí. Torí náà, ilé tí àwọn atukọ̀ á máa gbé, àgbá epo, iná àti ibi ìdákọ̀ró tí ìjì ò lè dé gbọ́dọ̀ wà nínú owó tí ẹ bá kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àtẹ àkókò ló kàn, ẹ̀yìn sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Ká ní dókítà ń rí aláìsàn ní aago 10. Ẹ fẹ́ kí bọ́ọ̀sì dé ọsibítù ní 9:45. Bí ọ̀nà bá gba wákàtí kan, bọ́ọ̀sì á kúrò ní èbúté ní 8:45. Ẹ fi ìṣẹ́jú 20 sílẹ̀ fún arúgbó àti ẹlẹ́rù láti sọ̀ kalẹ̀: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti gúnlẹ̀ ní 8:25. Tí orí omi bá jẹ́ ìṣẹ́jú 75, aago 7:10 ló máa gbéra nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe ìṣirò ti ìpadàbọ̀ lọ́nà kan náà. Ètò tí kò lè dá èèyàn padà sílé lọ́jọ́ kan náà ti ná an lówó ibi tó máa sùn.

Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lórí èyí: bọ́ọ̀sì kì í lọ kí ọkọ̀ tó dé. Bí ilé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe é, tí wọ́n sì ń sanwó fún dírẹ́bà torí pé ó gbéra lákòókò, ó máa gbéra lákòókò, á sì fi èrò sílẹ̀ lójú omi. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé pípàdé ọkọ̀ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀.

Òkun ò mọ aago wa. Láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó tún máa kún, bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ni, nítorí náà àkókò rẹ̀ ń fi bíi ìṣẹ́jú 50 sún síwájú lójoojúmọ́. Èbúté tí omi kún dáadáa ní 7:10 lọ́sẹ̀ yìí lè di ẹrẹ̀ ní 7:10 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí òṣùpá bá lé àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, omi á kún jù, á sì fà jù. Ẹ ní ọ̀nà méjì: kí ẹ na èbúté dé ibi tí omi ti jìn, kí ìpẹ̀kun rẹ̀ máa léfòó, tàbí kí ẹ kọ àtẹ àkókò tó ń bá omi rìn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù púpọ̀ ṣáájú. Kì í ṣe ìtìjú. Ní erékùṣù Barra ní Scotland, orí iyanrìn etíkun ni bàálù ń balẹ̀ sí, omi ló sì ń pinnu àkókò wọn. Ẹ lọ wo pẹpẹ tí mọ́tò ń gbà wọnú ọkọ̀ nígbà tí omi bá fà jù, ẹ mú ọkọ̀ ẹrù tó gùn jù lọ dání. Ìgbà yẹn ni pẹpẹ máa ń dà gẹ̀rẹ́ jù, tí ikùn ọkọ̀ ẹrù náà sì ń ha irin.

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló sábà máa ń wọ erékùṣù. Ẹ rántí Le Joola, ọkọ̀ ojú omi tó ń ná ọ̀nà Ziguinchor sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà. Kò tó 600 èrò tí wọ́n kàn án fún, àmọ́ nígbà tó dojú dé ní ọjọ́ 26 oṣù September 2002, èèyàn tó ju 1,800 ló bá a lọ. Oṣù yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe ọlọ́jọ́ pípẹ́. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ láìrìn yípo gbọ́dọ̀ la Gáńbíà kọjá, níbi tí mọ́tò tún ń tò de ọkọ̀ ojú omi mìíràn lójú odò. Ọdún 2019 ni wọ́n tó ṣí afárá sórí odò náà ní Farafenni. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, èrò á máa pọ̀ sí i, wọ́n á sì rọ́ wọ̀ ọ́ nígbà tó bá dé. Nítorí náà, ọkọ̀ adípò fún ìgbà àyẹ̀wò ọdọọdún kì í ṣe fàájì. Kí ẹ sì dán an wò ní gbogbo èbúté kí ẹ tó gbà á. Èyí tí pẹpẹ rẹ̀ ò bá èbúté yín mu ò wúlò. Kí a máa ka èrò lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, tọmọdé tàgbà, láìsí ìfojúdíwọ̀n.

Epo àti gáàsì ìdáná: ìrìn tiwọn lọ́tọ̀, láìsí èrò.

Ní ti owó ọkọ̀, láti ọdún 2008 ni Scotland ti bẹ̀rẹ̀ sí fi iye tí èèyàn ìbá ná lórí títì fún irú ìjìnnà bẹ́ẹ̀ díwọ̀n owó ọkọ̀ ojú omi láwọn erékùṣù kan. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ bí owó bá wálẹ̀, àlejò pẹ̀lú mọ́tò wọn á pọ̀, ẹ pa àyè díẹ̀ mọ́ fún onílé títí di ọjọ́ ìrìn.

Ẹ kọ agbára ìjì àti gíga ìgbì tí ọkọ̀ ò ní jáde sí sílẹ̀ kí ìjì tó dé, kó jẹ́ pé atukọ̀ nìkan ló láṣẹ, kí ọ̀gá kankan má pè é lórí fóònù. Kí ìkéde dé orí rédíò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí ẹni tó ń gbé ní ìparí títì kò tíì jáde nílé. Fún àwọn tí ìjì bá ká mọ́ ìlú ńlá, ẹ bá ilé ìsùn kan ṣe àdéhùn ṣáájú, kí ẹ sì lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì.