Oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe súìtì

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí wa n'Íléṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe fítámì ní súìtì kí ọmọ lè lò ó, torí ọjọ́ tí ẹ ò sí nítòsí ló máa lọ wá a. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún. Èròjà irin ló wà nínú rẹ̀, hóró díẹ̀ sì lè pa ọmọdé. Ẹ má fi í sínú báàgì yín. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó wà.

Bí ọmọ bá ti gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ mú ike oògùn náà dání, kí ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild lójú ẹsẹ̀. Ó lè bì, kí inú máa run ún, kó wá dà bí ẹni pé ara ti yá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín: ó ṣì lè máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ sọ fún màmá àgbà tó ń bá yín wo ọmọ náà, torí epo pupa ló máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn.